Ẹ Má Tíì Ra Irinṣẹ́ Olówó Ńlá Yẹn: Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Fi Ohun Tó Wà Nílé Tún Mọ́tò Ṣe

Ó dájú pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí. Ẹ ti gbé mọ́tò sókè, ẹ ti tú táyà, ọwọ́ yín ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ wá dé ibì kan tí ẹni tó ń ṣàlàyé nínú fídíò yọ irinṣẹ́ kan tẹ́ ẹ ò rí rí jáde, ó ní "ẹ máa nílò eléyìí o". Ẹ lọ wo iye ẹ̀, owó ẹ̀ ju owó pààtì tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa lò ó, lẹ́yìn náà á wà nínú páálí á máa gba eruku.

Èmi, ó ti pẹ́ tí mo ti jáwọ́ nínú wíwo orúkọ irinṣẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo máa ń wò. Ẹ bi ara yín: ṣé ó ń ti nǹkan ni, àbí ó ń fà á, àbí ó ń dì í mú kó má yí, àbí ó kàn ń wọn nǹkan? Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mọ́tò ni kò ju mẹ́rin yẹn lọ, orúkọ ló pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tó ń ṣe, ẹ wo inú ilé yín, ẹ máa rí nǹkan míì tó ń ṣe irú ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè karùn-ún wà o, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: tí nǹkan tí mo fẹ́ fi dípò yìí bá já, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ìdè kan (bóòtì tàbí nọ́ọ̀tì) ló máa bàjẹ́, ó ṣeé gbìyànjú. Tó bá jẹ́ èmi ló máa bàjẹ́, mi ò ṣe.

Ká kọ́kọ́ ya àwọn tí kò ṣeé dọ́gbọ́n sí sọ́tọ̀

Sítáǹdì ni àkọ́kọ́, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé sábẹ́ mọ́tò lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè. Iṣẹ́ jáàkì ni pé kó gbé nǹkan sókè, wọn ò ṣe é pé kó máa gbé e dúró, torí ọ̀pọ̀ wọn ọ́ìlì ló ń ti nǹkan nínú ẹ̀, tí rọ́bà kékeré kan bá jẹ níbẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo, ó sì lè já lójijì. Mọ́tò tó kéré gan-an ń lọ sí bíi 1,000 kg. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀ kó tó fọ́, kò sí ìkìlọ̀ kankan, ó kàn máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Tówó sítáǹdì ò bá tíì sí, igi líle tó nípọn ló sàn, ẹ tò ó ní àgbélébùú, méjì síbí, méjì lé e lórí lódìkejì, títí tó fi máa ga tó, kí gíga ẹ̀ má sì ju fífẹ̀ ẹ̀ lọ. Igi máa ń dún kó tó já, ó máa ń fún èèyàn láàyè sá. Táyà tẹ́ ẹ tú náà, ẹ má gbé e jìnnà, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, tí ohun gbogbo bá já orí ẹ̀ ni mọ́tò máa já lé, kì í ṣe orí yín.

Ìkejì ni sípíríǹgì tó wà lára sọ́kì (ohun tó ń gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà mọ́ra). Wọ́n ti ki í mọ́lẹ̀ ni, ó ń dúró de ẹni tó máa tú u. Mo ti rí ẹni tó ń fi ṣéènì àti okùn dì í, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí kò wọ́n wà: ẹ fọwọ́ ara yín tú odindi sọ́kì náà kúrò lára mọ́tò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó pọ̀ wà, ẹ wá gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó ń ki sípíríǹgì, kó bá yín pààrọ̀ ìyẹn nìkan. Ẹ kàn máa sanwó iṣẹ́jú díẹ̀ dípò iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àbí kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ti to sípíríǹgì mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹábáàgì (báàgì tó ń wú jáde tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan) àti gáàsì AC ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má fi iná tẹ́sítà tàbí mítà kan wáyà ẹábáàgì, iná kékeré lè mú kó bẹ́. Gáàsì AC fẹ́ ẹ̀rọ tó ń fà á pamọ́, kò sí ohun kankan nínú ilé ìdáná yín tó ń ṣe irú ẹ̀.

Ó yá, ká bọ́ sórí àwọn tó ṣeé ṣe.

Títì: písítìnì kálípà bíréèkì

Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀ torí iṣẹ́ tó yá ni, gbogbo ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe nílé ló máa débẹ̀. Páàdì ló ń fún àwo bíréèkì tó ń bá táyà yí mọ́ra, písítìnì tó wà nínú kálípà (irin tó gùn bo àwo náà) ló sì ń tì í. Páàdì tuntun nípọn ju ti àtijọ́ tó ti jẹ lọ, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti písítìnì padà sínú kálípà kí páàdì tuntun tó ráyè wọlé. Wọ́n ń ta irinṣẹ́ fún un. Kí ló ń ṣe? Ó ń tì í ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kílámpù tó rí bíi lẹ́tà C, irú èyí tí káfíńtà fi ń di pákó pọ̀, á ti í wọlé dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ ṣí ìdérí agolo bíréèkì ọ́ìlì. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń ti písítìnì, ọ́ìlì á máa padà sókè, tó bá ti kún tẹ́lẹ̀ á ṣàn jáde, bíréèkì ọ́ìlì sì máa ń ṣí ọ̀dà mọ́tò bí ìgbà téèyàn bá fi omi gbígbóná bó adìyẹ. Ẹ fi síríńjì fa díẹ̀ kúrò, tó bá kán sára ọ̀dà, omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ fi wáyà tàbí okùn bàtà so kálípà mọ́ sípíríǹgì, ẹ má jẹ́ kó fi hóòsì rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ mú páàdì àtijọ́, ẹ tẹ́ ẹ lé ojú písítìnì, ẹ wá gbé ẹnu kílámpù kan lé orí páàdì yẹn, ẹnu kejì sí ẹ̀yìn kálípà. Páàdì yẹn ni kò ní jẹ́ kí písítìnì wọlé ní wíwọ́, torí ó ń tẹ gbogbo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ yí kílámpù díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún yí i díẹ̀. Ẹ máa rí i tí rọ́bà tó yí písítìnì ká ń ká jọ bí ìgbà téèyàn ń pa dùùrù alátẹ́gùn dé. Tó bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ má fipá ṣe é, ó lè jẹ́ písítìnì ló ti dógùn-ún tàbí kí hóòsì ti dí láti inú.

Ìgbésẹ̀ 5: lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti to gbogbo ẹ̀ padà, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, KẸ́ Ẹ TÓ gbé mọ́tò kúrò lójú kan. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀ á lọ dé ilẹ̀ ọkọ̀.

Ibi tí mo ti jẹ ìyà nìyí o. Mo ṣe ti iwájú, ó dùn, mo bá kọjá sẹ́yìn pẹ̀lú kílámpù kan náà. Mo yí i, kò lọ. Mo fi páìpù lé e, mo tún yí i, mo gbọ́ "kẹ́", inú mi dùn pé ó ti ń lọ. Kò lọ níbì kankan, nǹkan ló kán nínú. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kálípà ẹ̀yìn tí háńbíréèkì wà nínú ẹ̀, písítìnì ẹ̀ kì í ṣe títì nìkan, yíyí ló ń yí wọlé bí ìdè. Kálípà tuntun ni mo rà gbẹ̀yìn, owó ẹ̀ ju ti irinṣẹ́ tí mi ò fẹ́ rà lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ wo ojú písítìnì: tó bá ní ihò kéékèèké tàbí ilà àgbélébùú lójú, yíyí ni. Ẹ lè fi ẹnu píláyà ẹlẹ́nu tín-ín-rín sínú ihò méjèèjì kẹ́ ẹ máa yí i bẹ́ ẹ ṣe ń tì í, ọ̀pọ̀ wọn sápá ọ̀tún ló ń yí wọlé ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń yí sósì. Tí háńbíréèkì mọ́tò yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi bọ́tìnì tẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án rárá, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sikánà (ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀) tàbí ọ̀nà tí ìwé mọ́tò sọ dá ẹ̀rọ iná kékeré tó ń ti písítìnì nínú ẹ̀ padà sẹ́yìn. Kò sí kílámpù fún ìyẹn.

Wíwọ̀n: agbára tẹ́ ẹ fi ń dè ìdè

Sípánà tọ́ọ̀kì ni gbogbo ìwé mọ́tò ń pè fún, tó dáa nínú ẹ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni tọ́ọ̀kì? Agbára tẹ́ ẹ fi fà, ní ìlọ́po bí ibi tẹ́ ẹ ti fà á ṣe jìn sí ìdè tó. Ìṣirò lásán ni. Nítorí náà, ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń gbé báàgì kọ́ kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, èyí tó ní ìkọ́ lẹ́nu, òun àti sípánà gígùn á ṣe iṣẹ́ náà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ fi rúlà wọn ọ̀nà láti àárín gbùngbùn ìdè dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìkọ́ sí lára ọwọ́ sípánà. Ká ní 50 cm ni. Ká ní ìwé mọ́tò ní kẹ́ ẹ dè é ní 100 Nm (níyútọ̀nù-mítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn tọ́ọ̀kì). Ẹ sọ 100 di ìlọ́po 10.2, á jẹ́ 1,020, ẹ fi 50 pín in, ó di 20.4. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n yẹn fa sípánà tó sì kọ 20.4 kg, ẹ ti dé 100 Nm. Tó bá jẹ́ 25 cm nìkan ni ọwọ́ sípánà gùn, ẹ máa nílò 40.8 kg, ẹ rí i pé ó le jù fún ọwọ́, nítorí náà ẹ lo sípánà tó gùn. Nǹkan méjì ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́: kẹ́ ẹ fà á ní wíwọ́ dípò kí ìwọ̀n àti sípánà ṣe igun 90 géérégé, àti kẹ́ ẹ fà á ní fífà-já. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fà á, kí ojú yín wà lára nọ́ńbà.

Tí ìwé yín bá kọ ọ́ ní lb-ft, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.356 láti rí Nm. Nọ́ọ̀tì táyà ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké wà láàárín 80 sí 140 Nm, ti mọ́tò yín gan-an wà nínú ìwé ẹ̀.

Àwọn ìdè kan wà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dè dé ìwọ̀n kan, kẹ́ ẹ wá tún fi 90° lé e. Wọ́n ń ta irinṣẹ́ fún ìyẹn náà, ẹ má dá wọn lóhùn. Orí bóòtì ní ojú mẹ́fà, ojú kan jẹ́ 60°, nítorí náà 90° jẹ́ ojú kan ààbọ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun tàbí inki tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe inú ìwé rẹ́ sàmì sórí bóòtì, ẹ yí i títí àmì yẹn á fi rìn ìdá mẹ́rin àyípo, ó ti tán. (Irú bóòtì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tó ń fà gùn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ra tuntun.)

Púlọ́ọ̀gì ò tiẹ̀ nílò ìwọ̀n. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i wọlé títí á fi jókòó. Tó bá jẹ́ tuntun tó ní wáṣà lọ́rùn, ẹ fi sípánà yí i ní ìlàjì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àyípo. Tí ọrùn ẹ̀ bá dà bí àrọ tí kò ní wáṣà, ìdá kan nínú 16 àyípo péré ni, ìyẹn kò ju kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ bà á lọ.

Ìdè tó kọ̀ tí kò tú

Gbogbo wa la mọ ọgbọ́n páìpù: ẹ ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ já ni bóòtì fúnra ẹ̀. Páìpù ni kó gbẹ̀yìn, kó má ṣe àkọ́kọ́. Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé:

Mo máa kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tó wà lára tírẹ́ẹ̀dì (ilà tó yí ara bóòtì ká) kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi epo tó ń wọnú irin. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ po ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì pọ̀ mọ́ àsìtónì (irú èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò), ìlàjì-ìlàjì, ẹ mì í dáadáa gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó torí wọn kì í fẹ́ dúró pọ̀. Àsìtónì ń gbaná bí nǹkan míì, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí iná nítòsí, ó sì ń jẹ ọ̀dà àti rọ́bà. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ "mọ́jú", ṣùgbọ́n alẹ́ kan tẹ́ ẹ fi sùn yẹn ló dín wàhálà ọjọ́ kejì kù.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi hámà gbá orí bóòtì náà gan-an, gbá gbá gbá, bíi 10 ìgbà, kì í ṣe láti fọ́ ọ, láti jí ìpẹtà náà kúrò ní ojú oorun ni. Lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú láti dè é SÍWÁJÚ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú u sẹ́yìn. Tó bá mira bó ti wù kó kéré tó, ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀, ẹ máa fi epo sí i.

Tí ìyẹn náà bá kọ̀, iná. Irin tó bá gbóná máa ń fẹ̀, alumíníọ̀mù sì ń fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì irin, ìdí nìyẹn tí bóòtì irin tó há sínú alumíníọ̀mù fi sábà máa ń jáwọ́ tẹ́ ẹ bá mú ibẹ̀ gbóná. Tẹ́ ẹ bá ti mú un gbóná, ẹ fi àbẹ́là kan ọrùn bóòtì, á yọ́, ẹ máa rí i tí irin ń fa òróró ẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: kò sí iná nítòsí ọ̀nà epo, hóòsì bíréèkì tàbí sọ́kì, kò sì sí iná níbi tẹ́ ẹ bá ti fọ́n àsìtónì alẹ́ àná sí àfi tẹ́ ẹ bá ti nù ún gbẹ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá fọ́n èròjà tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì sí i, kẹ́ ẹ dúró kó gbẹ tán, àwọn kan nínú ẹ̀ ní kọ́lórínì, tíná bá kàn án ó máa ń di gáàsì olóró.

Tí orí bóòtì bá ti róbótó ńkọ́? Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì (orí sípánà tó ń bo orí bóòtì) tó kéré díẹ̀ sí i, ẹ fi hámà gbá a wọ̀ ọ́. Tàbí kẹ́ ẹ fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi píláyà tó ń tì pa gbá a mú.

Bóòtì tí kò lórí rárá, tó kàn ta jáde lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń ta irinṣẹ́ fún un, kò pọn dandan. Nọ́ọ̀tì méjì ló ń ṣe é. Ẹ yí ọ̀kan wọ̀ ọ́, ẹ yí èkejì tẹ̀ lé e, ẹ fi sípánà méjì dè wọ́n mọ́ra wọn, ọ̀kan ń lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan ń lọ sósì, títí wọ́n á fi há mọ́ra. Ẹ wá gbé sípánà sórí nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀, ẹ tú u. Bóòtì náà á bá wọn jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí èyí, ó dà bí idán.

Fífà àti títẹ̀: béárìnì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì àti àwọn ìbátan wọn

Ẹ̀rọ tó ń tẹ béárìnì wọlé tóbi, ó sì wọ́n. Ohun tó ń ṣe kò ju kó tẹ nǹkan lọ tààrà. Ẹ ra ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì kan tó nípọn, nọ́ọ̀tì méjì, àwọn wáṣà ńlá, kẹ́ ẹ wá wá sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì. Ọ̀kan á fẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí béárìnì, ìyẹn ló ń tì í, èkejì á fẹ̀ jù béárìnì lọ, inú ẹ̀ ni ti àtijọ́ á bọ́ sí. Ẹ ki ọ̀pá náà gba àárín wọn kọjá, ẹ máa dè nọ́ọ̀tì, béárìnì á máa rìn. Ẹ fi gírísì kun ọ̀pá kó má jẹ tírẹ́ẹ̀dì. Tó bá jẹ́ nǹkan kékeré, fáìsì orí tábìlì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó.

Ọgbọ́n kan tí kò náni ní kọ́bọ̀: ẹ fi béárìnì tuntun sínú fíríísà mọ́jú pẹ̀lú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá mú ihò tó fẹ́ wọ̀ gbóná díẹ̀. Ọ̀kan sún kì, èkejì fẹ̀. Etí òde tó máa há sínú ihò ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ etí inú, àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ló ń gba agbára yẹn, béárìnì tuntun ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó wa mọ́tò.

Táì-ròòdù (ọ̀pá tó ń darí táyà iwájú) tó há: ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ lórí tírẹ́ẹ̀dì mélòó kan. Ẹ má gbá ìdí ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin tó wọ̀ ni kẹ́ ẹ gbá, ẹ di hámà kan mú mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi èkejì gbá òdìkejì, bíi mélòó kan tó lágbára, á sọ "póò", ó ti já nìyẹn, nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ò ní jẹ́ kó já lé yín lórí. Tí irin yẹn bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má gbá a, ẹ lọ yá irinṣẹ́ tó ń fà á.

Béárìnì kékeré tó wà láàárín kíráńkì (ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) níbi kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ọwọ́ ò lè dé ẹ̀yìn ẹ̀: ẹ ki gírísì sínú ihò ẹ̀ kó kún, ẹ wá ọ̀pá irin tó ṣe wẹ́kú ihò yẹn, ẹ ki í bọ̀ ọ́, ẹ fi hámà gbá a. Gírísì ò ríbi gbà, ẹ̀yìn béárìnì ló máa ti jáde. Tí gírísì bá ń yọ́ jù, ìwé tẹ́ ẹ fi omi rẹ á ṣe é. Ẹ wọ jíǹsì àtijọ́, á ta sí yín lára.

Púlì iwájú ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ wọn ní rọ́bà láàárín etí òde àti àárín. Ẹni tó bá fi irinṣẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́ta fà á létí á ya rọ́bà yẹn. Tó bá ní ihò bóòtì láàárín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fà á.

Síìlì ọ́ìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) ò le láti tẹ̀ wọlé: ègé páìpù rọ́bà líle tó fẹ̀ tó ẹ̀, hámà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwọn wẹ́wẹ́

Fílítà ọ́ìlì tó há, ẹ fi sánpépà wé e, kí ojú tó ń ha kọ sára fílítà, ẹ fọwọ́ yí i. Tí ò bá gbọ́, ẹ fi bẹ́líìtì awọ wé e, ẹ ki igi bọ ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ yí i. Gígún un ní súkúrúdíráfà ló gbẹ̀yìn, tó bá ya, ó ti di iṣẹ́ míì.

Púlọ́ọ̀gì tó wà nínú ihò jíjìn, ẹ ki hóòsì rọ́bà kékeré bọ orí ẹ̀, ẹ fi yí i wọlé. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé tí kò bá wọ tírẹ́ẹ̀dì dáadáa, hóòsì á máa yọ̀, kò ní lágbára tó lè ba ihò jẹ́. Èmi ò lo nǹkan míì mọ́ kódà ní báyìí tí mo lówó tó. Àlàfo ẹnu ẹ̀ ńkọ́? Káàdì báǹkì nípọn 0.76 mm, ewé ìwé ìtẹ̀wé kan jẹ́ bíi 0.1 mm, ẹ tò wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ rí ohun tẹ́ ẹ ń wá. Èyí tí ẹnu ẹ̀ tín-ín-rín tó jẹ́ irídíọ̀mù, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹnu yẹn máa kán.

Pílásítíìkì inú mọ́tò, ẹ fi rúlà pílásítíìkì tàbí káàdì tí kò wúlò mọ́ yọ ọ́, súkúrúdíráfà máa ń fi ojú àpá sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì: òòfà tẹ́ ẹ yọ lára sípíkà tó ti kú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi. Tẹ́ ẹ fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò, páálí fíríìjì tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ ń yọ̀ dáadáa, ó sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí ibi tí ọ́ìlì ń kán sí. Ohun tẹ́ ẹ máa fi gba ọ́ìlì dúdú? Kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ fi ra ọ́ìlì tuntun ni, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan, ẹ tẹ́ ẹ.

Gbígbọ́ ohùn àti wíwọn iná

Ẹ fi ẹnu súkúrúdíráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ìdí ẹ̀ kan egungun ẹ̀bá etí yín. Ẹ máa gbọ́ ohun tó wà nínú bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀: béárìnì tó ti ń lọ máa ń ha bí òkúta nínú agolo, ínjẹ́kítọ̀ (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) tó dáa máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Irun gígùn, ọrùn aṣọ, ẹ̀gbà ọrùn, gbogbo ẹ̀ kó jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù.

Mítà kékeré tí kò wọ́n wà lára ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ má dọ́gbọ́n sí. Bátìrì 12 V tó kún á kọ bíi 12.6 V tí mọ́tò bá ti sinmi, 12.2 V ti ń lọ sí ìlàjì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ mọ́tò á kọ nǹkan bíi 13.7 sí 14.7 V. Tí nǹkan bá ń mu bátìrì lóru, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ dúró bíi wákàtí kan ààbọ̀ kí kọ̀ǹpútà mọ́tò sùn, ẹ wá fi ẹnu mítà méjèèjì kan orí fiúùsì kọ̀ọ̀kan láìyọ ọ́, kí mítà wà ní mílifóòtì (mV). Èyí tí iná kò gbà kọjá á kọ òdo. Èyí tó bá kọ nǹkan, ẹ tọpa ẹ̀.

Sikánà: ẹ má lọ ra èyí tó tó owó mọ́tò. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò OBD-II kan náà (ibi tí sikánà ti ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀), ní Yúróòpù ti pẹtiróòlù bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ti dísẹ́ẹ̀lì ní 2004. Ẹ̀rọ Bluetooth kékeré tó ń lo ELM327 (orúkọ ṣíìpù inú ẹ̀) pẹ̀lú fóònù yín á ka kóòdù ẹ́ńjìnnì. Ká ní ó kọ P0301, ìyẹn ni pé sílíńdà 1 (ọ̀kan nínú àwọn ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì) ń pàdánù iná. Kẹ́ ẹ tó ra kọ́ìlì (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) tuntun, ẹ yọ kọ́ìlì ti 1, ẹ gbé e sórí 3, kẹ́ ẹ gbé ti 3 wá sórí 1, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á. Tó bá padà wá kọ P0303, kọ́ìlì ló ṣẹ̀. Tó bá ṣì wà lórí P0301, ẹ wo púlọ́ọ̀gì, ẹ wo ínjẹ́kítọ̀, owó kọ́ìlì ṣì wà lápò yín.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà, èyí tó yẹ kẹ́ ẹ yá

Orí ìdè tó ní ìràwọ̀, ẹ má fi áléǹ kì (kọ́kọ́rọ́ irin ojú mẹ́fà) rọ́ ọ, èyí tó ní ẹnu 12 náà ní tiẹ̀, wọ́n jọra ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹnu wọn kò wọ́n, ẹ rà á, torí ìdè tí orí ẹ̀ bá ti bàjẹ́ ń gba ọjọ́ méjì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ táyà, ẹ yá a. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta pààtì ló máa ń yáni nírinṣẹ́, ẹ fowó dúró, wọ́n á dá a padà fún yín tẹ́ ẹ bá gbé e wá.

Tẹ́ ẹ bá ra àlòkù, ẹ yí ráṣẹ́ẹ̀tì (ọwọ́ sípánà tó ń dún kẹ́kẹ́ tẹ́ ẹ bá ń yí i) létí kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ wo ẹnu sípánà bóyá ó ti ya, ẹ wo ìsàlẹ̀ jáàkì bóyá ọ́ìlì ń jò. Sítáǹdì àlòkù tí wọ́n ti fi iná jó pọ̀ (wẹ́ẹ̀dì) rí, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ bá fi ọgbọ́n ṣe, ẹ má dà wọ́n nù. Mo ní kẹ́ẹ̀gì tí mo gé kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, inú ẹ̀ ni páàdì àtijọ́ tí mo fi ń ti písítìnì wà, hóòsì púlọ́ọ̀gì, ègé páìpù mẹ́ta, ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì kan. Mo fi máàkà kọ mọ́tò tó bá mu àti iye tó fẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kálípà tí mo bà jẹ́ yẹn náà wà níbẹ̀, òun ni mo fi ń dá kẹ́ẹ̀gì náà dúró.